Bí ẹ ṣe máa mọ ohun tí “run” ń sọ nínú Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ mú fóònù yín, ẹ wọ settings, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bátìrì àti storage. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i níbẹ̀ pé áàpù kan “is running in the background”, tí ẹ bá sì ti kó fídíò jọ sórí ẹ̀ jù, ó lè tún sọ fún yín pé “storage is running out”. Fóònù kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ èyí àkọ́kọ́ ń sọ pé áàpù yẹn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ níbi tí ẹ ò ti rí i, èkejì ń sọ pé àyè ti fẹ́ tán. Kò sí eré sísá nínú méjèèjì.

Mò ń kọ èyí fún àwọn tó ń múra JAMB àti WAEC níbí ní Àkúrẹ́, àti àwọn òbí tó ń jókòó ti ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lálẹ́, àti ẹ̀yin ọlọ́jà tí Gẹ̀ẹ́sì ara páálí máa ń dà láàmú, torí ohun tí mò ń rí lára àwọn tí mò ń kọ́ ni pé wọ́n gbà pé àwọn mọ “run” dáadáa, ìyẹn gan-an ló ń kó wọn sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ tó le, èèyàn á ṣí díṣọ́nárì wá a. Èyí tó rọrùn, tá a ti kọ́ láti praimárì, kò sẹ́ni tó ń wá a, sáré la máa pè é ká sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú díṣọ́nárì ńlá ti Oxford, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ parí ní 1928, “set” ló gba àyè jù nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tí wọ́n wá ń tún un ṣe láyé ìsinsìnyí, “run” ti kọjá ẹ̀, ìtumọ̀ tó ní tá a bá lò ó bí ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan ju 600 lọ. Kò sí bí ẹ ṣe máa kó 600 sórí, kò sì pọn dandan. Ojú tí ẹ máa fi wo gbólóhùn ló ṣe pàtàkì.

Ẹ má sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń ṣe báyìí o. Ẹ gbọ́ bá a ṣe ń lo “pa” nínú ilé: ẹ bá mi pa iná, màmá àgbà ń pa àlọ́, ọmọ yìí ti ń parọ́ jù, wọ́n pa ewúrẹ́ lánàá, pa ìlẹ̀kùn yẹn dé, ó ń pawó gan-an lọ́jà Ọba. Àjèjì tó jẹ́ pé “pa ewúrẹ́” nìkan ló gbọ́ rí, tó bá wá gbọ́ “pa àlọ́”, á máa wá òkú kiri. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa ní gbogbo wọn ní oókan eéjì, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé “pa” la fi ń mọ̀ ọ́n, ọpọlọ wa sì ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn ká tó mọ̀ pé a ń ṣe é. Iṣẹ́ yẹn náà lẹ máa ṣe sí “run”: ẹ wo iwájú ẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, kí ẹ tó fún un ní Yorùbá kankan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tàbí ohun tó ṣáájú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, èèyàn tàbí ẹranko, ẹ lè kọ́kọ́ fura sí sáré. “Tobi Amusan ran the 100 metres hurdles in 12.12 seconds”, ìyẹn ní Eugene ní Amẹ́ríkà ní 2022, ẹsẹ̀ ló fi sá a, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ omi odò, ó ń ṣàn ni. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí ọmọ ṣí tí ò tì, ó ń dà ni. Tó bá jẹ́ imú, ó ń ṣomi ni, òun ni wọ́n ń kọ sára páálí oògùn kátà pé “runny nose”. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń ṣiṣẹ́ ni. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé ojú ọ̀nà kì í kúrò níbi tó wà, tí wọ́n bá wá ní “Oba Adesida Road runs through the centre of Akure”, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó la àárín ìlú kọjá, bó ṣe jẹ́ pé “River Ala runs through Akure” ń sọ pé odò Àlà gba inú Àkúrẹ́ kọjá lọ.

Ti ọkọ̀ èrò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. “This bus runs between Akure and Ondo.” Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ pé ọkọ̀ yìí ń sáré láàárín Àkúrẹ́ àti Òǹdó, tí ẹ bá sì ka ìyẹn fún èrò inú ọkọ̀, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á ní dẹ́rẹ́bà ti ń sá eré àsápajúdé. Gẹ̀ẹ́sì yẹn ò sọ̀rọ̀ eré rárá. Ọkọ̀ yẹn lè máa rọra lọ bí ìgbín. Ohun tó ń sọ ni ohun tí àwọn awakọ̀ ń sọ ní gáréèjì lójoojúmọ́: ọkọ̀ yìí ń ná Àkúrẹ́ sí Òǹdó. Ẹ rí i pé Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu rẹ́gí, ó kàn jẹ́ pé a ò rántí ẹ̀ torí “sáré” ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Aṣọ náà ń “run”. Ìwé pélébé tí wọ́n máa ń rán mọ́ ọrùn aṣọ, tí wọ́n kọ “wash separately, colours may run” sí, ohun tó ń sọ ni pé ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, àwọ̀ ara ẹ̀ lè jáde kó sì kó bá aṣọ míì. Ẹ̀yin tó ń ra àdìrẹ ẹ mọ irú ẹ̀ dáadáa.

Bí gbogbo ẹ̀ ṣe pọ̀ tó yìí, okùn kan ló so wọ́n pọ̀: ohun kan ń lọ, kò tíì dúró. Láti ayé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ọ̀rọ̀ yìí fún èèyàn tó ń sáré àti fún omi tó ń ṣàn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì wá dé, wọ́n lò ó fún ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà dé, wọ́n tún fún un. Tí ibì kan bá dojú rú pátápátá, tí ẹ ò rí díṣọ́nárì, ẹ bi ara yín pé kí ló ń lọ tí kò dúró níbí yìí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa yọ yín, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọ̀nà hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tó tẹ̀lé “run” gangan. Ṣé orúkọ nǹkan kan ló lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn láìsí ọ̀rọ̀ kékeré kankan láàárín? “My aunt runs” ń sọ pé àǹtí mi máa ń sáré, bóyá ó ń fi ṣe eré ìdárayá láàárọ̀. “My aunt runs a shop at Arakale”, ó ti yàtọ̀, àǹtí mi ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń bójú tó ní Arakale. “A shop” tó wọlé yìí ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Bákan náà ni “run a school”, ẹni yẹn ló ń darí iléèwé, àti “run a test”, èyí tí dókítà máa ń sọ, pé àwọn fẹ́ ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀. “The child is running a temperature”, ara ọmọ náà ń gbóná. “The paper ran the story”, ìwé ìròyìn gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. “Run an errand”, èèyàn rán yín níṣẹ́, ẹ lọ jẹ́ ẹ, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn àbí ẹ gun ọ̀kadà, ìyẹn ò kàn án. Àwọn kan ṣì wà tó jẹ́ pé orúkọ tẹ̀ lé e tó sì ṣì jẹ́ ti ẹsẹ̀, bíi “run a race”, ìyẹn ò le, eré ìje náà ló ti sọ ara ẹ̀.

Lára jẹnẹrétọ̀, ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹ bá ra jẹnẹrétọ̀ tuntun, ẹ máa rí ìkìlọ̀ lára ẹ̀ tàbí nínú ìwé tó bá a wá, wọ́n á kọ ọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà àmọ́ ohun tó máa ń wà níbẹ̀ ni pé “never run the engine indoors”. Ẹni tó ń ka “run” bíi sáré á kàn wò ó pé kí nìyí, ta ló fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ sáré nínú ilé, á sì kọjá lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ tàn án sílẹ̀ nínú ilé, kódà nínú kọ́rídọ̀ tàbí sítọ́ọ̀ tí ẹ ṣí wíńdò ẹ̀ sílẹ̀. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín ẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ẹni tó ń sùn ò ní mọ̀ títí á fi pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá àwọn àgbà tó wà nílé ka ìkìlọ̀ yìí ní Yorùbá, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: ẹ má tàn án sínú ilé.

Ibi tó kàn ló ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn ọmọ jù, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó máa ń lẹ̀ mọ́ “run”: out, into, over, down, through, away. Ẹ má ka “run” lọ́tọ̀ kí ẹ wá ka “out” lọ́tọ̀, ẹ kà wọ́n pọ̀, kí ẹ sì tún wo ohun tó tẹ̀lé àwọn méjèèjì.

Ẹ wo “She ran out of the house” àti “She ran out of salt”. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ rí bákan náà gẹ́lẹ́. Àmọ́ ilé jẹ́ ibi tí èèyàn lè sáré jáde látinú ẹ̀, iyọ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń wà, nítorí náà èyí àkọ́kọ́ ni pé ó sáré jáde nínú ilé, ìkejì ni pé iyọ̀ ti tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ó tún ku èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀: ẹ lè sọ pé “we have run out of fuel”, ẹ sì lè sọ pé “our fuel has run out”. Tó bá jẹ́ èèyàn ló ṣáájú, “of” máa wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dárúkọ nǹkan tó tán. Tó bá jẹ́ nǹkan tó tán fúnra ẹ̀ ló ṣáájú, “of” ò ní níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Sùúrù náà lè tán, owó lè tán, àsìkò lè tán, gbogbo ẹ̀ ni “run out” ń gbé.

“Run into” ló dùn jù nínú wọn. “I ran into my old teacher at Oja Oba” kì í ṣe pé mo forí gbá tíṣà mi o, mo kàn ṣèèṣì pàdé ẹ̀ lọ́jà ni, mi ò mọ̀ pé mo máa rí i. “The car ran into the gate”, ọkọ̀ ni, gééètì ni, ó kọlù ú lóòótọ́. “He ran into debt”, ó kó sí gbèsè. “The meeting ran into the night”, ìpàdé náà wọ òru, irú ìpàdé ẹbí tó jẹ́ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n pè é tí àwọn àgbà ò sì tíì dé agogo mẹ́fà. Èèyàn àti èèyàn, wọ́n pàdé. Ọkọ̀ àti nǹkan líle, wọ́n kọlura. Èèyàn àti wàhálà, ó kó sínú ẹ̀. Nǹkan tó ń gba àkókò àti àkókò, ó wọ ibẹ̀. Ẹ ò rí i pé iwájú àti ẹ̀yìn náà ló tún ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn.

“Run down” náà ní tiẹ̀: bátìrì tó “run down” ti kú nìyẹn, èèyàn tó ní òun “feels run down”, ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ilé “run-down” ni ilé tó ti ń wó tí kò sẹ́ni tó ń tún un ṣe, ẹni tó bá sì ń “run you down” lọ́dọ̀ àwọn èèyàn, ó ń bà yín jẹ́ lẹ́yìn ni. “Run over”, ọkọ̀ gun orí nǹkan. “Run through”, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fìrí. “Run away”, ó sá lọ. Àwọn yìí ò le tó tàwọn tó ṣáájú.

Oríṣi kan tún wà tí ìwé kíláàsì kì í sábà mẹ́nu bà, ó sì wà nínú mẹ́sẹ́ẹ̀jì àwọn èèyàn lójoojúmọ́. “I’m running late.” Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín lè ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń sọ pé òun ti ń pẹ́. Tí ọ̀rọ̀ tó ń júwe nǹkan bá tẹ̀lé “run” báyìí, late, low, dry, short, wild, ẹ gbàgbé “run” fúngbà díẹ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀ kejì yẹn, kí ẹ wá fi “ti ń” tàbí “di” sí i. “The well has run dry”, kànga ti gbẹ, ìyẹn ni ti ọ̀pọ̀ ilé tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. “We are running low on rice”, ìrẹsì ti ń tán lọ, kò tíì tán o, ó kù díẹ̀. Ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn, “running low” ṣì kù, “run out” ti tán, torí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò fẹ́ràn láti fi àwọn méjì yìí síbi kan náà.

Ti ìdìbò, àwa ará Òǹdó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní 2020, Aiyedatiwa ni “running mate” Akeredolu, ìyẹn ẹni tí wọ́n jọ du ipò, tó máa di igbákejì gómìnà tí wọ́n bá wọlé. Ní November 2024, òun fúnra ẹ̀ “ran for governor”, ó du ipò gómìnà, ó sì wọlé. “Run for” nìyẹn, ipò ló máa ń tẹ̀lé e. Àmọ́ “run for your life” kò ní ipò kankan nínú, ẹ sá àsálà fún ẹ̀mí yín ni. Ẹ má sì da “rerun” pọ̀ mọ́ “run-off”. Rerun ni kí wọ́n tún ìdìbò dì. Run-off ni kí ẹni méjì nínú àwọn tó du ipò tún kojú ara wọn nígbà tí kò sí ẹni tó ní iye ìbò tí òfin béèrè.

Nígbà míì “a” tàbí “the” á ṣáájú “run”, á ti di orúkọ nìyẹn. “In the long run”, tó bá yá, nígbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. “A dry run”, ìdánrawò kí ọjọ́ gangan tó dé. “On the run”, ó ti na pápá bora, ọlọ́pàá ń wá a. Tiwa náà wà, “runs” tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ, pé àwọn ń ṣe runs kan, ó yé wa láàárín ara wa, àmọ́ ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ náà ni “run mad”, gbogbo wa la ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà, “go mad” ni kí ẹ kọ níwájú WAEC.

Kí n tó gbàgbé, run, ran, run. Ìkẹta padà sí bí àkọ́kọ́ ṣe rí. “He ran yesterday” dáa, “he has ran” ò dáa, “he has run” ni, gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí has, have tàbí had, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi “ran” tẹ̀lé e. Mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ka ìròyìn pàápàá, ó sì ń dùn mí, torí àwọn ọmọ ń fetí kọ́ ọ níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ wá “run” nínú díṣọ́nárì, ẹ lo èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Oxford àti Longman ní tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má ka ìtumọ̀ àkọ́kọ́ kí ẹ sì pa á dé. Àwọn díṣọ́nárì kan máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, “sb” dúró fún somebody, “sth” dúró fún something, nítorí náà tí wọ́n bá kọ “run sth”, ti àǹtí tó ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Àwọn tó ní out àti into máa ń wà nísàlẹ̀ lọ́tọ̀, lábẹ́ phrasal verbs, ẹ yí i lọ sísàlẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá ti rí èyí tí ẹ ń wá, gbólóhùn àpẹẹrẹ tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ dà kọ sínú ìwé yín, odindi ẹ̀, kí ẹ kọ Yorùbá odindi gbólóhùn náà sí abẹ́ ẹ̀. “Run = ná” nìkan ò ní wúlò fún yín lóṣù mẹ́ta sí i, ẹ ò ní rántí pé ọkọ̀ èrò lẹ ń sọ.

Nínú JAMB, ìbéèrè 60 ló wà nínú Use of English, àwọn kan nínú ẹ̀ á sì ní kí ẹ mú ọ̀rọ̀ tó súnmọ́ jù ní ìtumọ̀. Èyí tí mo ṣe fúnra mi rèé, ẹ dán an wò: “The company has been running at a loss since January.” Wọ́n ní kí ẹ mú nínú racing, operating, escaping àti spending. Racing ló máa kọ́kọ́ pè yín, torí òun ló jọ sáré, ìdí ẹ̀ gan-an tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo iwájú, iléeṣẹ́ ni, kò lẹ́sẹ̀, racing jáde, escaping náà bá a lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn, “at a loss”, àdánù. Ọkàn yín lè lọ sí spending torí ọ̀rọ̀ owó ti wọ̀ ọ́, ẹ wá gbé e sínú gbólóhùn, “the company has been spending at a loss”, kò dúró, torí “at a loss” ti sọ ti owó tán, ohun tó ku kí “run” sọ ni pé iléeṣẹ́ náà ṣì ń ṣiṣẹ́, kò tíì kógbá sílé. Operating ni.